Civic tó ń gbọ̀n lórí Third Mainland: àkọsílẹ̀ ríìmù ínṣì 18 kan

Honda Civic ọdún 2008 ni ọkọ̀ náà, tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tí ríìmù ínṣì 16 wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìyá Ìbejì ni mo máa pe obìnrin tó ni ín. Gbàgádà ló ń gbé, Broad Street ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló máa ń kúrò nílé. Á kọ́kọ́ já àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, á gbé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń dá owó epo, á sì gba orí afárá Third Mainland bọ́ sí Erékùṣù Èkó. Èmi ní tèmi, bálánsì (kí táyà lè máa yí láìgbọ̀n) àti aláìmẹ́ǹtì (kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè tọ́) ni iṣẹ́ mi ní Ṣómólú. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ọkọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo gba owó, n kò sì rí ohun tó ń ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwa tí a jọ wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Gálọ́ọ̀pù tí omi òjò bò mọ́lẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ sínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nítòsí Anthony, ríìmù méjì lápá ọ̀tún sì bàjẹ́: ti iwájú sán, ti ẹ̀yìn tẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kò dúró nínú táyà mọ́. Ríìmù méjì péré ni Ìyá Ìbejì ń wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ tó fẹ́ràn ọkọ̀ dénú, ló ní kí ó kúkú pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Owó àjọ tí ó kó lóṣù yẹn ni wọ́n gbé lọ sí Ládípọ̀. Ríìmù ínṣì 18 ni wọ́n rà, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 8, pẹ̀lú táyà 225/40R18 tó ti wà lára rẹ̀.

Ẹni tó tà á fún wọn ní ihò márùn-ún ni ti Honda, ihò márùn-ún nìyí, gíga táyà méjèèjì kò sì yàtọ̀. N kò pè é ní òpùrọ́. Civic yẹn ń lo ihò márùn-ún tí wọ́n tò sórí àyíká tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 114.3, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ríìmù náà. Ní ti gíga, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Táyà àtijọ́ jẹ́ 205/55R16. Ara táyà, láti etí ríìmù dé ibi tó ti ń tẹ ilẹ̀, jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 205, ìyẹn mìlímítà 112.75. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi ínṣì 16 tó jẹ́ mìlímítà 406.4 kún un, ó di 631.9. Ara 225/40R18 jẹ́ mìlímítà 90, gíga rẹ̀ lápapọ̀ sì di 637.2. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ délẹ̀délẹ̀, ọkọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn.

Ọjọ́ tí wọ́n dè é, ọkọ̀ náà rẹwà. Èmi náà rí i lẹ́yìn náà, n kò ní sẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn mẹ́ta ṣe jókòó sẹ́yìn, ariwo gẹ̀rẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn ní gbogbo bọ́ǹpù. Pánẹ́lì-bítà kan ní Bàrígà fi òlù lu etí fẹ́ńdà wọlé. Ọ̀dà sán, ariwo dín kù, kò tán. Mẹkáníìkì kan ki rọ́bà sí àárín sípíríǹgì ẹ̀yìn kí ìdí ọkọ̀ lè gbéra sókè. Ariwo tún dín kù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ wá le bí ìdí tírélà tí kò kó ẹrù. Fọganáísà kan tún fa afẹ́fẹ́ táyà dé 45 kí ó má baà tẹ̀. Ilé ń jó, a ń lé eku.

Lẹ́yìn èyí ni gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Nínú ìgboro, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Third Mainland jẹ́ kìlómítà 11.8, bí ilẹ̀ kò bá sì tíì mọ́, ọkọ̀ lè sá eré kan náà lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tí eré bá ti ń sún mọ́ 80, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tó bá dé 95, ọwọ́ á kú tìrì. Ó lọ ṣe bálánsì ní ibi méjì. Èmi ni ẹ̀kẹta.

Mo gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ẹ̀rọ, mo tú òjé àtijọ́ dànù, mo fi tuntun sí i títí ẹ̀rọ fi ka òdo níhà méjèèjì. Mo ṣe aláìmẹ́ǹtì. Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí láti ibi iṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, kò yí padà o." Mo ní kí ó mú un padà wá lọ́jọ́ Sátidé kí n wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára wọn jẹ́ 3115, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 31 nínú ọdún 2015. Táyà náà ti lé lọ́dún mẹ́jọ nígbà tó rà á. Mo sọ fún un pé táyà ló ń fà á, pé kí ó wá owó táyà tuntun, mo sì rò pé mo ti parí iṣẹ́ mi.

Lóòótọ́, táyà yẹn kò yẹ lójú títì. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ka àlòkù táyà mọ́ àwọn ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ òun ló kún ọjà. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, láti ìgbà náà, ẹni tí owó tuntun kò bá ká, tòkunbọ̀ ló ń wò. Mo mọ gbogbo èyí dáadáa, bóyá ohun tó jẹ́ kí n yára dẹ́bi fún táyà nìyẹn. Ọjọ́ orí táyà kọ́ ló ń gbọn sítíárìn.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó dé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti yọ gẹ̀gẹ̀, kókó kan tó ìdajì ọsàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Okùn inú táyà ló já nígbà tó fi etí gálọ́ọ̀pù gbá. Ara mìlímítà 90, afẹ́fẹ́ 45, sípíríǹgì tí rọ́bà há láàárín: kí ni ì bá gba gbígbá náà mọ́ra? Fún ìdí yìí nìkan ni a ṣe gbé ọkọ̀ sókè. Ọmọ iṣẹ́ mi fi sípánà sí nọ́ọ̀tì kìíní, ó fà á, ó tú. Ó bọ́ sí ìkejì, kò tíì fà á tí sípánà fi yí. Ó pè mí: "Ọ̀gá, ẹ wá wo èyí o."

Ìka méjì ni mo fi tú nọ́ọ̀tì náà jáde. Obìnrin yìí ti kó ènìyàn mẹ́ta kọjá lórí ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo fi epo bẹntiróò nu nọ́ọ̀tì náà, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì Honda gan-an ni, àwọn tó bá ọkọ̀ wá. Ìdí rẹ̀ rí roboto bí ìdí ẹyin, nítorí ihò ríìmù Honda náà rí roboto, méjèèjì sì ń jókòó sínú ara wọn. Ṣùgbọ́n ihò ríìmù tí wọ́n rà ní Ládípọ̀ ṣe ṣóńṣó wọlé bí ẹnu fọ́nẹ́ẹ̀lì, bí ti ọ̀pọ̀ jù lọ ríìmù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbé ẹyin lé ẹnu fọ́nẹ́ẹ̀lì kí ẹ wò ó: etí kan tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa fara kàn án yíká. Etí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà lára nọ́ọ̀tì ọwọ́ mi, ó ń dán yanran bí òrùka fàdákà, ibi yòókù sì dúdú. Nígbà tí wọ́n ń fún un, ó le lọ́wọ́, nítorí irin ń jẹ ara ríìmù wọlé níbi tín-ín-rín kan. Bí ọkọ̀ bá ti rin ìrìn díẹ̀, nọ́ọ̀tì á jẹ ríìmù síwájú sí i, líle náà á sì tú. Nínú ogún nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yẹn, méje ló ti dẹ̀.

Nígbà tí mo fa ríìmù yọ, mo wá rí ohun kejì, èyí tí mo ti gbé sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà àkọ́kọ́ láìwò ó. Mo fi kálípà, irin tí a fi ń wọn nǹkan, wọn họ́ọ̀bù ọkọ̀, ìyẹn irin roboto tó yọ síta tí ihò àárín ríìmù ń wọ̀: mìlímítà 64.1. Mo wọn ihò àárín ríìmù: 73.1. Igi ìṣáná méjì wọ àlàfo náà pọ̀ yíká. Àwọn tó ń ṣe ríìmù títà kárí ọjà mọ̀ọ́mọ̀ ń la ihò àárín tóbi kí ó lè wọ oríṣiríṣi ọkọ̀. Ríìngì tó bá họ́ọ̀bù mu ló yẹ kó dí àlàfo náà. Kò sí ríìngì kankan níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni òdo tí ẹ̀rọ mi kà ti já sí asán. Lórí ẹ̀rọ bálánsì, irin ṣóńṣó ló máa ń di ihò àárín ríìmù mú, nítorí náà àárín gan-an ni ríìmù ti ń yí. Lára ọkọ̀, kò sí ohun tó di ihò àárín yẹn mú. Nọ́ọ̀tì ló kù tí ì bá fa ríìmù sí àárín, ìdí ẹyin lẹ́nu fọ́nẹ́ẹ̀lì kò sì lè fa nǹkan kan sí ibi kan pàtó. Ríìmù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ó sì ń yí bí ọlọ tí kò dọ́gba. A lè ṣe bálánsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ohun tó wà lórí ẹ̀rọ àti ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà mọ́.

Ti fẹ́ńdà ló kù. Mo ní kí wọ́n lọ gbé ríìmù àtijọ́ kan tó ṣì dára wá láti ilé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ínṣì 16, fífẹ̀ 6½, àti 45. Ẹ̀yìn tuntun: 18, fífẹ̀ 8, ET35. Nọ́ńbà 45 àti 35 yẹn ni ọ́fsẹ́ẹ̀tì: iye mìlímítà tó wà láàárín ìlà àárín ríìmù àti ojú ibi tó ti ń lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Bí ó bá ṣe ń kéré sí i ni ríìmù á ṣe máa yọ síta sí i. Mo ya méjèèjì sórí páálí kí àbúrò náà lè fojú rí i. Ìdajì fífẹ̀ ríìmù àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 82.55; yọ 45, etí ìta rẹ̀ fi 37.55 kọjá ojú họ́ọ̀bù. Ìdajì tuntun jẹ́ 101.6, yọ 35, ó fi 66.6 kọjá. Mìlímítà 29 ni ríìmù tuntun fi yọ síta ju ti àtijọ́ lọ, ó sì tún fi 9 wọlé sí i lápá ṣọ́ọ̀kì. Ọmọkùnrin náà fi ìka tẹ̀lé ìlà tí mo yà, ó wo fẹ́ńdà tí wọ́n ti fi òlù lù, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tí a bá ra ríìngì àti nọ́ọ̀tì tó yẹ, a ò lè máa lo èyí lọ?" Ìbéèrè tó dára ni. Ríìngì àti nọ́ọ̀tì máa pa gbígbọ̀n náà, wọ́n á sì mú ewu ńlá kúrò. Wọn kò lè yí 29 padà, wọn kò lè sọ táyà 2015 di tuntun, ara 90 kò sì ní nípọn sí i. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ló kù tó bọ́gbọ́n mu. Honda fúnra rẹ̀ fi ínṣì 17, fífẹ̀ 7, ọ́fsẹ́ẹ̀tì 45, pẹ̀lú táyà 215/45R17 sí ẹ̀yà Si ti Civic yìí kan náà, nítorí náà ó máa wọlé láìfara kan nǹkan kan. Ara táyà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 96.75. Ìkejì ni kí a dúró lórí 16 pẹ̀lú 205/55R16, kí a kàn wá ríìmù tí ojú rẹ̀ wù wọ́n. Àbúrò fẹ́ 17. Ìyá Ìbejì, tí kò tíì sọ ohun púpọ̀ láti àárọ̀, bi mí pé, "Èwo ni gálọ́ọ̀pù ò ní tètè rí bà jẹ́ nínú méjèèjì?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí mo ṣe rí ojú títì Èkó, èrò tèmi náà nìyẹn: mìlímítà 16 tí ara táyà 16 fi ju ti 17 lọ wúlò ju ẹwà ínṣì kan lọ.

Mo bá wọn lọ sí Ládípọ̀ fúnra mi. Ríìmù àkọ́kọ́ tó wù ọmọkùnrin náà dára lójú, ọ́fsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ 45, ẹni tó ń tà á sì búra pé ti Honda ni. Mo fi kálípà wọn ọ̀nà jíjìn láàárín ihò kan àti èyí tó fo ọ̀kan tẹ̀lé e, láti àárín sí àárín. Bí ó bá jẹ́ 114.3, ó yẹ kí n rí 108.7. Mo rí 106.5. Ìyẹn 112, ti Mercedes àti Volkswagen. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn, nọ́ọ̀tì á sì tún wọlé bí wọ́n bá fipá mú un, ṣùgbọ́n á jókòó ní wíwọ́. Òmíràn wà tí mo fi èékánná ra inú rẹ̀ tí mo bá ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti kun ún bò. Ẹ̀kẹta ni a rà: 16, fífẹ̀ 7, ET42, ihò àárín 73.1. Etí rẹ̀ fi mìlímítà 9 àti díẹ̀ yọ ju ti àtijọ́, fẹ́ńdà sì gba ìyẹn. Kí a tó sanwó, a gbé e sórí ẹ̀rọ ẹnìkan nínú ọjà náà, a yí i, a wo etí rẹ̀ bóyá ó ń ju ara. Táyà tuntun ni wọ́n rà sí i, nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ 91, ìyẹn kílò 615 fún táyà kan, ju 89 tí Honda béèrè lọ.

Ríìngì 73.1 sí 64.1 kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Tọ́nà kan ní Mushin ló fi ẹ̀rọ yí mẹ́rin fún wa láti ara alumíníọ̀mù, ó ń fi họ́ọ̀bù dánwò, ó ń gé e, títí ó fi wọlé pẹ̀lú ìtẹ̀sí ọwọ́ lásán. Nọ́ọ̀tì oníṣóńṣó ogún ni a rà, ẹnu òwú rẹ̀ M12x1.5, bíi ti àtijọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, a kọ́kọ́ fi ọwọ́ dè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí ríìmù lè jókòó dọ́gba. Ìgbà tí táyà kanlẹ̀ tán ni mo tó fi sípánà tó ń ka agbára fún wọn dé 108 Nm. A yọ rọ́bà inú sípíríǹgì dànù. Afẹ́fẹ́ padà sí iye tí Honda kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́yìn náà, mo ní kí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jókòó sẹ́yìn kí wọ́n máa fi ara jó, èmi sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò kan ibì kankan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé Adéníji Adélé. Ní 80, ó wo mí. Ní 95, ó mú ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárìn, ó fi ìka kan ṣoṣo lé e. Sítíárìn dúró jẹ́ẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan pé o: apá irin tó di táyà ẹ̀yìn òsì mú ti tẹ̀ díẹ̀ nínú gbígbá tó mú kí táyà yọ gẹ̀gẹ̀, aláìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn kò sì lè pé títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó rin kìlómítà ọgọ́rùn-ún, ó padà wá. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta gba fífún díẹ̀, àwọn yòókù kò mì. Mo dá owó àkọ́kọ́ tí mo gbà padà fún un. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Mo ní kí ó fi ra bisikíìtì fún àwọn ìbejì.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí ọkọ̀ kan bá wá ṣe bálánsì lẹ́ẹ̀kejì fún ìṣòro kan náà, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ tú ríìmù, kí ẹ wọn ihò àárín àti họ́ọ̀bù, kí ẹ sì gbé nọ́ọ̀tì sínú ihò láìfún un, kí ẹ wò bóyá ó jókòó. Kì í ṣe ti Honda nìkan. Nọ́ọ̀tì ríìmù alumíníọ̀mù Toyota ní wọ́ṣà pẹlẹbẹ lọ́rùn, kò sì lè jókòó sínú ihò oníṣóńṣó rárá. Corolla Amẹ́ríkà ọdún 2003 sí 2008 ń lo ihò márùn-ún lórí àyíká mìlímítà 100, kì í ṣe 114.3 bíi ti Civic yìí, họ́ọ̀bù rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tó ń ta ríìmù kò ní béèrè èyí. Ọ̀dọ̀ wa ni ọkọ̀ máa ń dé kẹ́yìn kí ó tó gun orí afárá.

Ogún nọ́ọ̀tì Honda yẹn wà nínú agolo mílíìkì lórí tábìlì mi, pẹ̀lú àjákù ríìmù kan tí mo gé ihò rẹ̀ sí méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé Corolla dé pẹ̀lú ríìmù tuntun, ó ní òun fẹ́ bálánsì kíá, pé wọ́n ń dúró de òun ní Ìkòyí. Kí n tó dìde, ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù ti kúnlẹ̀ síbi táyà iwájú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ọ̀tì yìí, ó bá ríìmù wá ni, àbí ti àtijọ́ ni?"